Broadcast, Ọ̀rọ̀ Tó Ti Oko Wá

Ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ti di ti gbogbo wa, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà: broadcast. Àwọn òṣìṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fi ń júwe iṣẹ́ wọn, ìjọba fi sọ àjọ tó ń mójú tó wọn lórúkọ, àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ àti nínú ìjọ sì ti gé e kúrú sí BC, tí wọn yóò máa sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi BC yẹn ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn yín.” Bí a bá ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn yóò fẹnu kò pé ó jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbọ́ ọ. Wọn kò ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí 150 ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé kí rédíò tó dé, ohùn tàbí ìròyìn kò sì kàn án rárá nígbà náà. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni. Irúgbìn tí a fọwọ́ fọ́n sórí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń júwe.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ràn kí n máa tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dúró tì í ni pé ó dá mi lójú pé oko kò tíì kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń broadcast ọ̀rọ̀ ti gba èrò àgbẹ̀ kan mọ́ra láìfura: pé iṣẹ́ tòun ni kí òun jù ú, iṣẹ́ ilẹ̀ ni kó gbà á, èyí tó bá sì ṣòfò lọ́nà, òfò tó ti wà nínú òwò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ipasẹ̀ èrò yẹn ni mo fẹ́ tọ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì so pọ̀ kí wọ́n tó rí i. Èkíní ni broad, tó túmọ̀ sí ohun tó fẹ̀. Ọmọ onílé ni, nítorí ó ti wà nínú èdè wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èkejì ni cast, tó túmọ̀ sí kí a ju nǹkan. Àlejò ni ní tirẹ̀. Àwọn ará Scandinavia tí wọ́n wa ọkọ̀ ojú omi wá jagun ní England, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ibẹ̀, ni wọ́n mú kasta dání wá. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1200, ó ti wọnú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti ń gba àyè lọ́wọ́ weorpan tí àwọn onílé ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá so ó mọ́ broad, wọ́n rí ọ̀rọ̀ tó ń júwe irúgbìn tí a jù káàkiri ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ, tí a kò tò sójú kan. Inú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àwọn ọdún 1760 ló ti kọ́kọ́ fara hàn. Ní 1785, wọ́n ti ń yá a lò fún ohun tí kì í ṣe irúgbìn. Kò di ọ̀rọ̀ ìṣe títí di 1813, iṣẹ́ oko ni wọ́n sì tún fi í ṣe. Ó di 1829 kí ọ̀rọ̀ ìṣe náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa èrò àti ìròyìn tí a tàn ká.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ náà gan-an, nítorí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lónìí kò rí i rí. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ gbin àlìkámà tàbí ọkà báálì á gbé agbọ̀n irúgbìn kọ́ èjìká tàbí ọrùn, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á sì fi apá ju irúgbìn náà kúrò lára bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ síwájú, ìgbésẹ̀ kan, ìfọ́n kan, láti ìpẹ̀kun oko kan dé èkejì. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń dọ́gba débi pé bí ọkà bá hù, ojú kò ní tètè rí ibi tó pọ̀ jù àti ibi tó fọ́nká. Ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á dà á jọ síhìn-ín, á fi ọ̀hún sílẹ̀ lásán. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò fa irin eléyín kọjá lórí ilẹ̀ náà kí erùpẹ̀ lè bo irúgbìn. Ẹyẹ á jẹ nínú rẹ̀, atẹ́gùn á gbé nínú rẹ̀, òmíràn á bọ́ sórí àpáta. Nígbà tí ọkà bá sì hù tán, kò ní sí poro láàárín rẹ̀ tí a lè gbà wọlé roko. Gbogbo èyí ni àgbẹ̀ ti kà mọ́ iye irúgbìn tó gbé jáde nílé. Kò bú ilẹ̀, kò sì bú ara rẹ̀.

Ẹni tó bínú sí òfò yìí ni Jethro Tull. Wọ́n bí i ní Berkshire ní 1674, ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ àgbẹ̀ ló padà sí. Ní nǹkan bí 1701, ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ẹṣin ń fà, tó ń la ilẹ̀, tó ń sọ irúgbìn sínú poro mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń fi erùpẹ̀ bò ó lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1730, ó kọ ìwé láti fi gbèjà ọ̀nà rẹ̀, àríyànjiyàn sì gba gbogbo ilẹ̀ àgbẹ̀ wọn kan. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí à ń wí ti rí ìdí láti wà. Ó ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí ọmọ aráyé ti ń fọwọ́ fọ́n ọkà, kò sì sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀ ní orúkọ. Ìgbà tí ẹ̀rọ Tull dé ni ọ̀nà àtijọ́ di ọ̀kan nínú méjì, tó sì di dandan kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni nínú àwọn bàbá ńlá wa kò pe adìyẹ tirẹ̀ ní adìyẹ ìbílẹ̀ rí, títí di ọjọ́ tí adìyẹ ágíríkì wọ ọjà.

Àgbẹ̀ tiwa mọ ọ̀nà méjèèjì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kì í sì í fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Ẹnikẹ́ni kì í fọ́n iṣu. Ebè ni a ń kọ, ebè kọ̀ọ̀kan sì ní iṣu tirẹ̀ tí a fọwọ́ gbé sínú rẹ̀. Bí a bá gbin àgbàdo, hóró méjì tàbí mẹ́ta ni a ń sọ sínú ihò, tí a óò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tó ń gbìn mọ ibi tí ohun tó gbìn wà, bí kò bá sì hù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, yóò padà síbẹ̀ lọ bá a fi òmíràn dípò. Ẹ̀fọ́ ló yàtọ̀. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré ju ohun tí ọwọ́ lè kà lọ, nítorí náà àwọn tó ń gbìn ín máa ń pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn, kó má baà já bọ́ sójú kan. Ti ewédú tún le díẹ̀ sí i, nítorí wọ́n ní láti fi omi gbígbóná kan án lára kó tó gbà láti hù dáadáa. Èdè wa kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ méjèèjì dàrú: a ń gbin iṣu, a ń fọ́n ẹ̀fọ́.

Síbẹ̀, ohun kan ṣe mí ní kàyéfì. Pẹ̀lú bí a ṣe mọ irúgbìn fífọ́n tó, àwọn baba wa kò fi í ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. À ń kéde ni, à ń ròyìn, à ń polongo, à ń pòkìkí. Akéde á lu agogo kó tó lanu. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan wé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu jáde, ẹyin ni wọ́n mú: ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ gbé ìyẹn síwájú broadcast kí ẹ wò ó. Irúgbìn tó balẹ̀ ti dé ibi tí wọ́n rán an lọ, ibẹ̀ ni ayé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyin tó balẹ̀ ti parí. Ẹni tí irúgbìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù kó má ṣẹ́kù sínú agbọ̀n. Ẹni tí ẹyin wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù kó má bọ́. Èdè méjèèjì ń sọ nípa ohun kan náà, ọ̀kan tú ọwọ́ sísọ sílẹ̀, èkejì di ọwọ́ mọ́ ọn lára.

Kì í ṣe broadcast nìkan ni àwọn òyìnbó gbé láti oko wá sínú ọ̀rọ̀ sísọ. Disseminate, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fẹ́ràn, wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún irúgbìn. Propagate wá láti ara ẹ̀ka àjàrà tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè ta gbòǹgbò di igi mìíràn. Nígbà tí Póòpù Gregory Kẹẹ̀ẹ́dógún sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1622 láti máa tan ẹ̀sìn kálẹ̀, orúkọ Látìnì àjọ náà ló bí propaganda, ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó fẹ́ kí a lò fún iṣẹ́ òun mọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí èrò yìí wọ àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára ju Látìnì lọ ni Bíbélì, níbi tí Jésù ti pa òwe afúnrúgbìn tó jáde lọ fúnrúgbìn, tí díẹ̀ bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà tí ẹyẹ ṣà á jẹ, tí díẹ̀ bọ́ sórí àpáta, tí díẹ̀ bọ́ sáàárín ẹ̀gún, tí ìyókù sì so èso ọgọ́rùn-ún, ọgọ́ta àti ọgbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ni irúgbìn náà, Ìwé Mímọ́ ló túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa náà kọ́ ọ ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú ẹni tó ń gbin iṣu, afúnrúgbìn yẹn yóò jọ ẹni tí kò náání irúgbìn rẹ̀.

Báwo ni ó ṣe wá kúrò lórí ilẹ̀? Ibí yìí ni ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù, nítorí àléébù kan ló gbé e lọ sókè. Nígbà tí Guglielmo Marconi, ọmọ ilẹ̀ Italy, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ń ro ọ̀pọ̀ èrò tó ń gbọ́ ohùn kan. Tẹligíráàmù tí kò ní wáyà ni wọ́n ń wá: kí ọkọ̀ ojú omi kan bá èbúté kan sọ̀rọ̀, kí England bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Ní December 12, 1901, Marconi ní òun gbọ́ àmì lẹ́tà S kan ní Newfoundland, tí wọ́n ta láti Cornwall ní òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgbì rédíò kì í lọ tààrà bíi lẹ́tà tí a fi lé ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́. Gbogbo ìhà ló ń fọ́n sí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ọ yóò gbọ́ ọ. Lójú oníṣòwò tó ń ta àṣírí fún àwọn ilé ìfowópamọ́ àti ìjọba, aburú ni èyí jẹ́. Ní June 1903, John Ambrose Fleming ń ṣe àfihàn wáyálẹ́ẹ̀sì Marconi níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù, ni onídán kan tó ń jẹ́ Nevil Maskelyne bá fi ẹ̀rọ tirẹ̀ da ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ wọn láti ìtòsí: ó kọ́kọ́ tẹ orúkọ eku léraléra ní èdè Morse, lẹ́yìn náà ló fi ewì bú ará Italy kan tó ń tan aráyé jẹ. Inú bí Fleming, ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn The Times. Ṣùgbọ́n Maskelyne ti fi ohun tó fẹ́ fi hàn hàn, pé afẹ́fẹ́ kò ní ilẹ̀kùn.

Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn èyí, àléébù náà di ọjà. Ní June 15, 1920, Nellie Melba, gbajúmọ̀ olórin ọmọ Australia, dúró níwájú ẹ̀rọ nínú ilé iṣẹ́ Marconi ní Chelmsford, ó kọrin, kò sì sí ẹnì kan tó jẹ́ òun nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ní November 2 ọdún náà, ilé iṣẹ́ Westinghouse ní Pittsburgh ka èsì ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà láàárín Harding àti Cox jáde láti ibùdó tí a wá mọ̀ sí KDKA. Ohun kan tí wọ́n sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí: wọ́n ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ wọn pé kó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n lè mọ ibi tí ohùn wọn dé àti bó ṣe dún létí àwọn tó gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ ti jù ú tán, ó wá ń béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ pé ibo ló bọ́ sí. Wọ́n nílò ọ̀rọ̀ tuntun fún iṣẹ́ yìí, nítorí kì í ṣe tẹligíráàmù mọ́, kì í sì í ṣe tẹlifóònù. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ohun tí a jù káàkiri láìyan ẹni tí yóò gbà á sì ti wà nílẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, rédíò ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ oko. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sì tún bá ìṣòro kan pàdé tí wọn kò tíì yanjú tán: ṣé broadcast ni ti àná ni, àbí broadcasted? Cast kì í gba ìrù, nítorí náà ti àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀ èdè gba méjèèjì.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan rò pé èmi ni mo ń fi dandan rí oko nínú ọ̀rọ̀ tó ti gbàgbé oko. Kí ẹni náà lọ wo Broadcasting House, ilé BBC ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ṣí ní 1932. BBC ti bẹ̀rẹ̀ ní 1922 gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ aládàáni kó tó di àjọ ní January 1, 1927, John Reith, ọmọ àlùfáà ìjọ ní Scotland, sì ni ọ̀gá rẹ̀. Nínú gbọ̀ngán àbáwọlé ilé náà ni ère òkúta kan dúró sí tí Eric Gill gbẹ́: ọkùnrin kan tó ń fúnrúgbìn. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Látìnì sí láti inú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Kọ́ríńtì, pé Ọlọ́run ló ń mú un dàgbà. Àkọlé ìyàsímímọ́ gbọ̀ngán náà pẹ̀lú, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 1931, gbàdúrà pé kí irúgbìn rere so ìkórè rere. Reith àti àwọn èèyàn rẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé ìtùnú wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nítorí bí ọkà kò bá hù, ẹnìkan kò lè dá afúnrúgbìn lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé Ọlọ́run ló ni ìdàgbà.

Ohun tí wọ́n fọ́n ní England dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà wọlé Èkó yàtọ̀. Ní December 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń gba ohùn BBC láti orí afẹ́fẹ́ síbì kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń fi wáyà fà á wọ ilé àwọn tó ń san owó oṣù. Ìbàdàn ní tirẹ̀ ní 1939. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tí àwọn àgbà ṣì ń rántí pẹ̀lú orúkọ rédífúṣọ̀n. Èèyàn kò lè yan ibùdó lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lo máa gbọ́, tàbí kí o pa á. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi ẹnu àgbẹ̀ sọ ọ́, ohun tó kọ́kọ́ wọ ilé wa kì í ṣe irúgbìn fífọ́n rárá. Irúgbìn inú poro ni, tí wọ́n mọ iye ilé tó dé, tí wọ́n sì ń gba owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Orúkọ tí àwọn èèyàn wa fún un wá láti ibòmíràn pátápátá. Wọn kò wo ọwọ́ ẹni tó ń jù, wọn kò wo afẹ́fẹ́ (igbóhùnsáfẹ́fẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀dá lẹ́yìn náà, ó sì dára). Ibi tí ẹni tó jókòó síwájú àpótí wà ni wọ́n ti wò ó, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ní àwùjọ tí ọmọdé pàápàá ti mọ̀ pé bí àgbà bá kí ọ, o gbọ́dọ̀ dáhùn, àfi kí èyí jọ àwọn èèyàn lójú. Mo gbà pé ìjìnlẹ̀ tó wà nínú orúkọ yìí ju ti broadcast lọ, nítorí ti Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀, tiwa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín èèyàn méjì. Ilẹ̀ kì í fèsì fún afúnrúgbìn, kò sì sí ẹni tó retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùgbọ́ kì í ṣe ilẹ̀.

Ìṣèlú ló fi èyí hàn gbangba. Ní March 31, 1953, Anthony Enahoro gbé àbá dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ìjọba ara ẹni ní 1956. Àwọn aṣòfin Àríwá kò gbà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti NCNC sì jáde kúrò nílé ìgbìmọ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, gómìnà, John Macpherson, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì dá àwọn Action Group lẹ́bi létí gbogbo ìlú. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe ohun tí orúkọ rẹ̀ wí. Nígbà tí agbára dé ọwọ́ Awólọ́wọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó wá ọ̀nà kí irú rẹ̀ má ṣe ṣẹlẹ̀ mọ́, ilé iṣẹ́ Overseas Rediffusion sì bá ìjọba rẹ̀ dòwò pọ̀. Ní October 31, 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú ìnagijẹ tí a kò lè gbàgbé, pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. (Àwọn ará Morocco ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ayọ̀ àwọn ará Ìbàdàn sílẹ̀.) Ẹ wo bó ti jẹ́: wọ́n ní kí ọkùnrin kan má fèsì, èsì tó wá fọ̀ jẹ́ odidi ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká GSM ti dé ní 2001, rédíò ti ń gba èsì gan-an. Kò sí ètò òwúrọ̀ kan ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn tí àwọn olùgbọ́ kì í pè sórí rẹ̀, tí wọ́n á kí olóòtú, wọ́n á kí gbogbo ilé iṣẹ́, kí wọ́n tó wá sọ pé ọ̀rọ̀ gómìnà kò tà létí àwọn. Síbẹ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì ni orúkọ rẹ̀.

Ọwọ́ fóònù kan náà ni broadcast ti tún padà di iṣẹ́ ọwọ́. Ìgbà BlackBerry ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ wa lẹ́ẹ̀kan, tí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ gan-an sì jẹ́ broadcast. Ní July 20, 2014, Patrick Sawyer wọ Èkó láti Làìbéríà pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù August, ìhìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti fóònù dé fóònù pé kí olúkúlùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má baà mú un. Kò sí ilé tí a kò ti gbọ́ ọ. Ilé tiwa náà gbọ́. Àwọn àǹtí àti ẹ̀gbọ́n ń pè lóru, ohùn wọn kò sì jẹ́ ti ẹni tó ń tan èèyàn jẹ, ohùn ẹni tó fẹ́ràn wa ni. Àwọn ìwé ìròyìn sọ lẹ́yìn náà pé omi iyọ̀ yẹn pa àwọn kan, ó sì gbé àwọn mìíràn dé ilé ìwòsàn. Ìyá tó fi í ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn kò yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ìwà afúnrúgbìn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó fọ́n ọn, bó bá wúlò fún ẹnìkan, kó hù. Bí ó bá jẹ́ ẹyin ló rò pé òun gbé dání ni, mo gbà pé ì bá kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì kan.

Ní January 2019, WhatsApp fi òpin sí iye ibi tí èèyàn lè fi ìhìn kan náà ṣọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan, ó di márùn-ún káàkiri ayé. Ní April 2020, nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n tún dín in kù fún ìhìn tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, pé ibì kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi í ṣọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí i nígbà náà, pé wọ́n ń dí àwọn lẹ́nu. Èmi kò bínú. Ẹni tó bá ní láti gbin ọ̀rọ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan á ní àkókò láti wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ òdì broadcast, èmi kò rí i. Retract wà, ṣùgbọ́n fífà sẹ́yìn ni tirẹ̀, bí ẹni pé okùn ṣì so mọ́ ohun tí a jù. Yorùbá ní kí èèyàn kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, èyí tó súnmọ́ ohun tí mo ń wá díẹ̀, nítorí ohun tó ti dà sílẹ̀ ni a ń kó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ojú agbo nìyẹn, níbi tí ẹni tó sọ ọ́ àti àwọn tó gbọ́ ọ ti ń wo ojú ara wọn. Ní ti omi iyọ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ètò ìlera jáde kíákíá láti sọ pé irọ́ ni, àwọn rédíò gbé e, àwọn dókítà sì ń tún un sọ ní èdè tí gbogbo èèyàn gbọ́. Ojúmọ́ ti mọ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n sì ti wẹ̀ tán.